Lísì De Ọgbà, Kò De Owó

Nọ́ńbà kan ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan: 143. Iye ilé tí George Cadbury, oníṣòwò ṣokoléètì, kọ́kọ́ tà ní Bournville, ní gúúsù Birmingham, nìyẹn, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀ ní 1895. Iye tó ná an láti kọ́ wọn ló tà wọ́n, kò fi èrè lé e. Lísì 999 ọdún ló fún àwọn tó rà wọ́n: wọ́n á lo ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ fún iye ọdún yẹn, àmọ́ ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀. Ẹni tó bá lè san ìdajì owó ilé, Cadbury á yá a ní ìyókù ní èlé 2.5 lórí ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ìdajì, èlé tirẹ̀ jẹ́ 3.

Ìfẹ́ wà ńbẹ̀, owó wà ńbẹ̀, ilé náà sì dára. Síbẹ̀, kò pé ọdún mẹ́fà tí ọkùnrin yìí fi jáwọ́ nínú títà náà, tó sì yọ gbogbo ilẹ̀ ọ̀hún kúrò ní ìkáwọ́ ara rẹ̀. Ohun tó dà á rú kò sí nínú bíríkì. Inú ìwé ló wà.

Ẹni tó bá ti mu Bournvita rí ti pe orúkọ àdúgbò yìí láìmọ̀. Bourn ni odò kékeré tó ń ṣàn kọjá níbẹ̀. “Ville” jẹ́ ọ̀rọ̀ Faransé fún ìlú, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nítorí pé ṣokoléètì ilẹ̀ Faransé níyì lójú àwọn oníbàárà ìgbà náà ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí orúkọ abúlé ṣe di orúkọ tíì nìyẹn, tó fi dé orí tábìlì wa.

Wọ́ọ̀dù kan, ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Lórí ìwé káńsù Birmingham, Bournville àti Cotteridge di wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ní 2018, káńsẹ́lọ̀ méjì ló sì ń ṣojú wọn. Stirchley, tí apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ wọ́ọ̀dù Bournville tẹ́lẹ̀, di wọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ́dún náà. Ẹni tó bá wo máàpù nìkan á rò pé àdúgbò wọ̀nyí jọra. Ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá gba Pershore Road, ilé tó tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ máa rí ní Stirchley àti Cotteridge: bíríkì pupa, ilẹ̀kùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú sí títì, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ilé ọtí níkòríta. Ibùdó réluwéè tí wọ́n ń pè ní Kings Norton gan-an, Cotteridge ló wà, réluwéè yẹn ló sì fa àwọn akọ́lé-tà síbẹ̀ ní ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ẹ wá sọdá ojú irin sí apá ìwọ̀ oòrùn. Ilé á fà sẹ́yìn kúrò létí títì, igi á pọ̀ sí i, orúkọ títì á di orúkọ igi: Linden, Sycamore, Laburnum, Acacia, Maple, Elm. Ilé ọtí á pòórá. Ọmọ ìjọ Quaker ni Cadbury, kò fẹ́ ọtí lórí ilẹ̀ rẹ̀ rárá, òfin yẹn kò sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kò jìnnà sí Stirchley, níbi tí àwọn apọnti kéékèèké pọ̀ sí nísinsìnyí.

Fakitiri ló kọ́kọ́ débẹ̀ ká tó rí ilé. Ní 1879, Richard àti George Cadbury kó iṣẹ́ wọn kúrò ní Bridge Street tó ti há jù láàárín ìlú, wọ́n kó o lọ sórí ilẹ̀ 14.5 ékà tó jìnnà tó máìlì mẹ́rin. Ojú irin wà níbẹ̀, odò àgbẹ́wà tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà náà wà níbẹ̀, omi tó mọ́ sì wà nínú Bourn. Ọdún 1893 ni George tún fi owó ara rẹ̀ ra 120 ékà mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìlú ń bọ̀. Bí kò bá ra ilẹ̀ náà, àwọn akọ́lé-tà á rà á, irú ilé tó sá fún ní àárín ìlú á sì wá bá a lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé pé Birmingham kọ́ ló ni ibẹ̀ nígbà náà, agbègbè Worcestershire ni. Ọdún 1911 ni Birmingham tó gbé e mì.

Bí wọ́n ṣe wọn ilé

William Alexander Harvey tó ya àwòrán ilé náà kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dojú kọ ni àrùn ilé àwọn akọ́lé-tà. Iwájú ilé ló ń gba owó, nítorí pé bí ilé bá ṣe fẹ̀ tó lójú títì ni títì àti gọ́tà tí wọ́n máa ṣe síwájú rẹ̀ á ṣe gùn tó. Akọ́lé-tà á wá mú iwájú ilé há, á ki ilé ìdáná àti yàrá kan sẹ́yìn bí ìrù. Ìrù yẹn ló ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ yàrá àárín, tí ọ̀rinrin kì í fi í tán lára ògiri. Ìyẹn gan-an ṣì sàn ju àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ẹ̀yìn mọ́ ẹ̀yìn láàárín ìlú, ògiri kan ṣoṣo láàárín, tí kò sí fèrèsé kankan lẹ́yìn. Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi òpin sí kíkọ́ irú wọn títí di 1909.

Harvey yí i po. Ó mú ilé fẹ̀ níwájú, ó gé ìrù dànù. Ó so ilé pọ̀ ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, ó fi àlàfo sáàárín kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Títì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 42 ní fífẹ̀, ilé sì fà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Òfin tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ilé kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá mẹ́rin ilẹ̀ tó dúró lé lọ. Kó lè yé wa dáadáa: lórí púlọ́ọ̀tì 60 ní 120 tiwa, ìpìlẹ̀ ilé kò ní ju 1,800 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ, ìyókù á di ọgbà. Ọgbà àwọn ilé àkọ́kọ́ tó nǹkan bí 600 yáàdì onígun mẹ́rin. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin púlọ́ọ̀tì tiwa nìyẹn, ọgbà nìkan.

Ọgbà yẹn kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti àárín ìlú kò mú ọkọ́ rí, ìgbẹ́ sì máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò mọ oko. Nítorí náà, àwọn ológbà tí Cadbury gbà ti máa ń tu ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á la ọ̀nà sí i, wọ́n á gbin igi eléso sí ìpẹ̀kun rẹ̀ kí ayálégbé tó kó ẹrù wọlé: ápù, píà àti plum. Igi wọ̀nyẹn ń so, wọ́n sì tún ń ṣe ìbòjú láàárín ẹ̀yìnkùlé méjì. Èèyàn kan á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ ti dé, kì í ṣe láti inú ìgbẹ́. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí ju ti ilé lọ.

Nínú ilé ńkọ́? Àyè ilé kékeré kò gba ilé ìwẹ̀. Wọ́n wá ri báàfù mọ́ ilẹ̀ ilé ìdáná, wọ́n fi pákó bò ó. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá wẹ̀, orí pákó náà ni wọ́n ń dúró sí dáná. Ní àwọn ilé míì, báàfù náà ń dìde dúró sínú kọ́bọ́ọ̀dù bíi bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ká mọ́ ògiri.

Èrè rẹ̀ hàn lára ọmọ. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ọmọ Bournville ga, ó sì wúwo, ju ọmọ Floodgate Street láàárín ìlú lọ. Ohun kan táwọn èèyàn máa ń ṣì sọ rèé: wọ́n á ní ilé àwọn òṣìṣẹ́ Cadbury ni. Rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní fakitiri náà kò tó ìdajì àwọn tó ń gbé àdúgbò ọ̀hún. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó má di pé ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀, ilé á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Oṣù Kejìlá 1900

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 143 yẹn. Kí ló dé tí Cadbury fi lo lísì dípò kó ta ilẹ̀ pa? Ọgbà ni. Bó bá ta ilẹ̀ pa, kò sí ohun tó máa dá ẹni tó rà á dúró láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ibi tí ápù wà. Lísì ní àdéhùn nínú, àdéhùn náà sì ń tẹ̀ lé ilé lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rà á lẹ́yìn. Lójú ẹni tó mọ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni.

Àmọ́ ẹ ká ní ilé kan ná an ní £200, tí ó sì tà á ní £200. Ilé yẹn ní ọgbà, ó ní ìmọ́lẹ̀, kò jìnnà sí réluwéè. Lọ́jà, ẹlòmíì ti ṣe tán láti san £280. £80 tó wà láàárín yẹn, ẹ̀bùn ni. Ta ni Cadbury fẹ́ fún? Òṣìṣẹ́. Ta ló gbà á? Ẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí ìwé. Bó bá ti tà á lọ́la, £80 ti wọ àpò rẹ̀, ẹni kejì sì ti san iye ọjà. Láti ọjọ́ yẹn lọ títí ọdún 999 á fi pé, kò tún sí òṣìṣẹ́ kan tó máa rí ilé náà rà ní iye tí wọ́n ná an. (Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyẹn, kí ọ̀rọ̀ lè yé ni.) Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: lára àwọn tó kọ́kọ́ rà tún ilé wọn tà, wọ́n jẹ èrè gọbọi. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ sí òfin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí wò. Wọ́n tọ́jú ọgbà wọn, wọn ò ta ọtí, wọn ò fa ilé gùn. Ohun tí ìwé ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Owó ni ìwé kò mẹ́nu bà.

Ní 14 December 1900, Cadbury fọwọ́ sí ìwé míì. Ó kó ilẹ̀ 330 ékà àti ilé 313 tó wà lórí rẹ̀ fún Bournville Village Trust, àjọ tí yóò máa bójú tó wọn. Kì í ṣe fún ilé iṣẹ́ Cadbury, kì í sì í ṣe fún ọmọ rẹ̀ kankan láti jogún. Ìwé náà sọ iṣẹ́ rẹ̀: kó pèsè ilé tó dára, tó ní ọgbà àti àyè gbalasa, fún àwọn òṣìṣẹ́ Birmingham àti ibòmíì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdá mẹ́wàá ilẹ̀ náà, láìka títì àti ọgbà ilé, gbọ́dọ̀ jẹ́ pápá ìṣeré àti ibi ìgbafẹ́. Rẹ́ǹtì ni wọ́n á máa gbà, èrè rẹ̀ á padà sínú àtúnṣe àti ilé tuntun. Títà ní iye tó ná an ti parí.

Òótọ́ ni pé ìdílé rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ṣe alámòójútó, ẹni tó bá sì fẹ́ lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìjọ Quaker àti káńsù Birmingham náà ń yan èèyàn síbẹ̀. Ìdánwò tó tóbi jù dé ní 2010, nígbà tí Kraft ra ilé iṣẹ́ Cadbury ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 11.5 pọ́n-ùn. Fakitiri bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Kò sí igi ọgbà kan ní Linden Road tó bá a lọ, nítorí pé láti àádọ́fà ọdún ṣáájú ni ilẹ̀ ti kúrò nínú ohun tí Cadbury lè tà.

Kòkó ta ni?

Owó tó kọ́ ilé wọ̀nyẹn, kòkó ló pa á. Ní ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé Trust, nǹkan bí ìdajì kòkó Cadbury ló ń wá láti São Tomé, erékùṣù àwọn Potogí. Ní 1901, William Cadbury, ọmọ Richard, rí ìwé tí wọ́n fi ń polówó oko kan níbẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n fẹ́ tà mọ́ oko náà ni igba òṣìṣẹ́ dúdú wà, wọ́n sì dá iye lé wọn: £3,555. Ilé iṣẹ́ náà mọ̀ láti ìgbà yẹn. Ọdún 1909 ni wọ́n tó ṣíwọ́ rírà. Ọdún mẹ́jọ.

Àlàyé wọn ni pé àwọn ń wádìí, àwọn ń bá ìjọba Potogí sọ̀rọ̀, àti pé bí àwọn bá kúrò, àwọn ò ní lẹ́nu níbẹ̀ mọ́. Ìwé ìròyìn Standard kọ̀wé gbógun tì wọ́n, ilé iṣẹ́ náà sì pè é lẹ́jọ́ ní Birmingham. Wọ́n jàre. Owó gbà-má-bínú tí ìgbìmọ̀ adájọ́ bù fún wọn ni fádínì kan, owó tó kéré jù lọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ẹni tó gbọ́n á mọ ohun tí fádínì kan ń wí.

Mi ò mú èyí wá láti fi ba ọgbà jẹ́. Mo mú un wá nítorí pé ìwé kan náà ni. Láàárín ọdún tí ọkùnrin yìí ń wọn ìdá mẹ́rin ilẹ̀ kí ọmọ òṣìṣẹ́ lè rí oòrùn, wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn tó ka òṣìṣẹ́ mọ́ irinṣẹ́ oko. Lẹ́yìn São Tomé, Gold Coast ni wọ́n yíjú sí, níbi tí àgbẹ̀ ti ń gbin kòkó sórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Kòkó ilẹ̀ Yorùbá náà ti ń so nígbà yẹn. Àwọn bíi J. K. Coker ti ń gbìn ín ní Agége. Ní àwọn ọdún 1950, Cadbury wá dúró ní Nàìjíríà láti ra kòkó, ní 1965 ó forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, Agidingbi ní Ìkejà sì ni fakitiri Bournvita wà.

Ẹni tó bá ra ilé níbẹ̀ lónìí

Ọdún 1967 ni òfin tuntun kan dé tí Trust kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ẹni tó bá ń gbé ilé lórí lísì gígùn lè fi tipátipá ra ilẹ̀ rẹ̀ pa lọ́wọ́ onílẹ̀. Òfin tó dára ni, ó gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù burúkú. Ṣùgbọ́n ní Bournville, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti wà lórí lísì, ilẹ̀ tí wọ́n bá rà pa ti já okùn tó so ó mọ́ àdéhùn ọgbà. Òfin náà fi ihò kan sílẹ̀: onílẹ̀ tó ń bójú tó àdúgbò odindi lè gba ètò àmójútó ní Ilé Ẹjọ́ Gíga. Trust gbà á. Ètò yẹn ló de àwọn ilé tí wọ́n ti rà pa lónìí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ká ní ẹnì kan fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé iwájú. Kó kọ́kọ́ wo ìwé ilé rẹ̀ ní Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, nítorí pé ilé mẹ́ta tó tẹ̀ léra lè wà lábẹ́ ìwé mẹ́ta: ọ̀kan jẹ́ ti Trust, ẹnìkan ń san rẹ́ǹtì, èkejì wà lórí lísì, ẹ̀kẹta ti di àràpa, ó wà lábẹ́ ètò àmójútó. Lẹ́yìn náà kó kọ̀wé sí Trust pẹ̀lú àwòrán, ìwọ̀n, àti ohun tó fẹ́ fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ káńsù tún dá dúró. Ìyọ̀ǹda ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ẹnì kan á kà á pé òfin gbà kéèyàn fa ẹ̀yìn ilé tó so mọ́ ilé míì gùn ní mítà mẹ́ta láì tọ káńsù lọ, á ní ó parí. Òfin yẹn dá a sílẹ̀ lọ́wọ́ káńsù, bí àdúgbò náà kò bá ní òfin àdáàbòbò tó gba ẹ̀tọ́ ọ̀hún padà. Kò dá a sílẹ̀ lọ́wọ́ Trust. Ẹlòmíì á fẹ́ rí ibi gbé mọ́tò sí, á hú igi ọgbà iwájú, á da kọnkéré sí i. Láti 2008, ohun tí omi kò lè gbà wọlẹ̀, bó bá ti ju mítà onígun mẹ́rin márùn-ún lọ níwájú ilé, ó ń gba ìyọ̀ǹda káńsù. Kódà bó bá lo òkúta tí omi ń gbà kọjá, igi ọgbà tó hú ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ Trust. Fèrèsé náà kò kéré. Ilé mẹ́rin tí Harvey so pọ̀ ń lo gíláàsì kéékèèké kan náà. Bí ọ̀kan bá fi gíláàsì ńlá nínú férémù oníke rọ́pò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù á dà bí eyín tí wọ́n yọ ọ̀kan láàárín rẹ̀.

Kì í sábà sí ìjà lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe é. Ọjọ́ títà ni. Lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á béèrè lẹ́tà ìyọ̀ǹda fún gbogbo ohun tó yàtọ̀ lára ilé. Bí kò bá sí, àfi kí wọ́n tọrọ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, títà á sì dúró ńlẹ̀, tàbí kí wọ́n dá ilé padà sí bó ṣe wà.

Trust ṣì ń fi ilé háyà, ilé tó sì ń bójú tó ní gúúsù Birmingham àti Telford tó nǹkan bí 8,000. Lórí ìyẹn, Cadbury rí ohun tó fẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti rà pa, Trust lè sọ bí igi ọgbà iwájú rẹ̀ yóò ṣe ga tó, kò lè sọ iye tí wọ́n á tà á. Ọgbà gan-an tí Trust ń ṣọ́ ló ń gbé owó ilé náà lọ sókè, débi pé ẹni tó ń wá ilé olówó pọ́ọ́kú nínú wọ́ọ̀dù yìí, ọ̀nà Pershore Road, ní Cotteridge, ló ń forí lé, sínú ilé onírù tí Harvey sá fún.

Lísì tí wọ́n kọ ní 1896, bí ẹnikẹ́ni kò bá ra ilẹ̀ rẹ̀ pa, 2895 ni yóò tán. Àdéhùn ọgbà á ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́dún náà.